Ẹ̀ka Tó Ṣófo Lára Igi Ìran Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru.

Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ àpáta ńlá kan nínú igbó, nítòsí Ìsàrun, ní ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Iwo Eleru ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ ọ́. Wọ́n rọra wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí irinṣẹ́ òkúta kéékèèké lọ súà. Nísàlẹ̀, wọ́n kan eegun ẹnì kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sin síbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 10,000 tí ẹni náà ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí eegun ènìyàn mìíràn tí a tíì rí ní Nàìjíríà tó pẹ́ tó o. Nígbà tí wọ́n sì wo agbárí rẹ̀ dáadáa, ó rú wọn lójú. Ó gùn sẹ́yìn, òkè rẹ̀ sì rẹlẹ̀, kò rí roboto bíi tiwa.

Ẹni yìí ló mú mi gba ìpè yín. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń fi eegun ayé àtijọ́ to igi ìran ènìyàn, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ìbátan ẹni. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lára igi yẹn, ẹ̀ka tiwa, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ṣófo jù. Kì í ṣe pé a kò ní baba ńlá. Eegun wọn ni a kò rí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé ó yẹ ká máa wá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí a kò fi rí i. Eegun kì í ṣàdédé pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí ẹ̀dá kan bá kú sí gbangba, ìkookò á fà á ya, kòkòrò á jẹ ẹ́, oòrùn á sì fọ́ èyí tó kù. Àfi bí ẹrẹ̀, iyanrìn tàbí eérú bá tètè bò ó. Nígbà náà, omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ á máa gbé ohun tó wà nínú òkúta wọ inú eegun yẹn díẹ̀díẹ̀, títí tí eegun fúnra rẹ̀ á fi di òkúta. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fọ́sìlì. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀dá tó ti kú láyé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ilẹ̀ tiwa tún le ju ti ẹlòmíràn lọ. Òjò wa pọ̀, ooru wa pọ̀, ilẹ̀ pupa tó wà láti ibí dé Ìjẹ̀bú sì ní ohun kíkan nínú tó máa ń jẹ eegun run. Ẹni tó bá ti hú sàréè àtijọ́ rí mọ̀ pé nígbà mìíràn, eyín nìkan ló ń kù. Ní Etiópíà àti Kẹ́ńyà, ojú ọjọ́ gbẹ, òkè ayọnáyèéfín ti da eérú bo ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ sì ń ya tí òjò díẹ̀díẹ̀ fi ń fọ eegun jáde. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ibẹ̀ fi kún inú ìwé. Tiwa ní Ẹ̀pẹ́ tún ní ìṣòro kan sí i. Ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, omi òkun fà sẹ́yìn débi pé ó fi bíi mítà 120 rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí. Kò tíì sí ọ̀sà yìí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Etí òkun ìgbà náà jìnnà sí ibí, bí àwọn ènìyàn bá sì pàgọ́ síbẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ni àgọ́ wọn wà báyìí.

Ó yá, bí a bá wá rí eegun, báwo ni a ṣe ń kà á? Ẹ gbé orí ẹja kan ṣoṣo fún ìyá tó ti pẹ́ ní Ọjà Olúwo, kò rí ara rẹ̀, kò rí ìrù rẹ̀. Á sọ fún yín bóyá àrọ̀ ni tàbí epìyà, bó ṣe tóbi tó, àti bóyá omi iyọ̀ ni wọ́n ti pa á. Orí ẹja tí ìyá yẹn ti rí láti kékeré ló jẹ́ kó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ka eegun ènìyàn àtijọ́ ṣe máa ń fi ọdún púpọ̀ wo eegun ìnàkí, ti ọ̀bọ, àti ti àwa náà, kó tó lè wo àfọ́kù kan kó sì sọ ohun tó jẹ́.

Ibi mélòó kan wà tí ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Ihò kan wà nídìí agbárí, níbi tí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti wọ inú orí. Lára ẹranko tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, ẹ̀yìn ni ihò náà kọjú sí. Tiwa wà nísàlẹ̀ gan-an, kí orí lè gúnwà lórí ọrùn. Eegun itan wa máa ń dà wọ inú bó ṣe ń bọ̀ sí orúnkún, kí ẹsẹ̀ lè wà lábẹ́ ara bí a bá ń rìn. Eegun ìbàdí wa kúrú, ó sì fẹ̀. Ti ìnàkí ga, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti eyín tún lágbára jù. Òun ló le jù lára, òun náà ló ń pẹ́ jù nínú ilẹ̀, ilà tín-ín-tín tó sì ń wà nínú ohun funfun tó bo eyín máa ń fi ìdàgbà ojoojúmọ́ hàn. Wọ́n ti ka irú ilà bẹ́ẹ̀ lára ọmọdé tó kú láti àìmọye ọdún, wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tó lò láyé.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó fi bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti bí ìgbéraga ṣe lè dí i lọ́wọ́. Ní 1924, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ní Taung, ní Gúúsù Áfíríkà, agbárí kékeré kan jáde. Ó dé ọwọ́ Raymond Dart, olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ní Johannesburg. Ọmọdé ni, eyín ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kéré bíi ti ìnàkí, ṣùgbọ́n ihò ìdí agbárí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń ṣóńṣó lẹ́nu ajá, sì kéré, kò gùn bíi ti ẹranko. Ní 1925, Dart kọ̀wé pé ẹ̀dá yìí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, pé ó súnmọ́ ìran wa, ó sì sọ ọ́ ní Australopithecus africanus.

Àwọn àgbà onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé agbárí mìíràn ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1912, èyí tí wọ́n sọ pé wọ́n rí ní Piltdown, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí rẹ̀ tóbi bíi tiwa, àgbọ̀n rẹ̀ jọ ti ìnàkí. Ó bá ohun tí wọ́n ti ní lọ́kàn mu: pé ọpọlọ ló kọ́kọ́ dàgbà, àti pé ilẹ̀ Yúróòpù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Taung wá láti Áfíríkà, ọpọlọ rẹ̀ sì kéré, ni wọ́n bá tì í sẹ́yìn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Eegun tó bá wà nínú ilẹ̀ máa ń fa èròjà kan tó ń jẹ́ fluorine láti inú omi. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni tirẹ̀ ń pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n yẹ eegun Piltdown wò, fluorine inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1953, àṣírí tú pátápátá. Àgbọ̀n náà jẹ́ ti ìnàkí ilẹ̀ Éṣíà tó ń jẹ́ orangutan, wọ́n fi ayùn ha eyín rẹ̀, wọ́n sì kùn ún kó lè dà bí ohun àtijọ́. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kọ̀ ló jẹ́ òtítọ́.

Ó ń dùn mí bí mo bá ń rántí ọmọ náà. Àpá wà lára agbárí rẹ̀ tó jọ ti èékánná àti ẹnu ẹyẹ idì, àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyẹ ló gbé e. Ìyá kan ti sunkún ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí Dart sọ wá fìdí múlẹ̀ ní Etiópíà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, Donald Johanson àti Tom Gray rí eegun obìnrin kan ní Hadar. Lucy ni wọ́n sọ ọ́. Dinknesh ni àwọn ará Etiópíà ń pè é. Ó pé ọdún mílíọ̀nù 3.2, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 eegun ara rẹ̀ ni wọ́n sì rí, èyí tó pọ̀ gan-an fún irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ fi hàn pé ó ń dìde dúró rìn, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìnàkí lọ. Ní 1978, ní Laetoli ní Tànsáníà, àwọn tó ń bá Mary Leakey ṣiṣẹ́ rí ipasẹ̀ nínú eérú òkè ayọnáyèéfín tí òjò ti mú rọ̀, tó wá gan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ìka yòókù, kò ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ìnàkí. Ipasẹ̀ náà ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 3.6. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ di ti ènìyàn. Orí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni.

Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé báwo la ṣe mọ ọdún wọ̀nyẹn. Ìbéèrè tó dára ni. Èròjà kan tó ń jẹ́ potassium wà nínú òkúta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde, apá kan nínú rẹ̀ sì máa ń yí padà di gáàsì kan tó ń jẹ́ argon. Bí òkúta bá yọ́, argon inú rẹ̀ á fẹ́ lọ. Bó bá ti tutù, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ìyípadà yìí kì í yá, kì í falẹ̀: ó ń gba ọdún bílíọ̀nù 1.25 kí ìdajì tó yí padà. Ẹni tó bá wọn argon náà á mọ ìgbà tí eérú yẹn balẹ̀. Bí eegun bá wà láàárín eérú méjì, ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín tiwọn. Fún ohun tí kò ju ọdún 50,000 lọ, kábọ́ọ̀nù inú eegun tàbí èédú ni wọ́n ń lò.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ igi gan-an wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí àwòrán kan níbi tí ìnàkí tẹ̀ba sílẹ̀, tí èkejì ga díẹ̀, tí ẹni tó kẹ́yìn dúró ṣánṣán. Àwòrán yẹn ti kó ìdàrúdàpọ̀ bá wa. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń di ẹlòmíràn lórí ìlà kan. Ẹ̀ka ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ka náà sì gbẹ láìbí ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí. Bí a bá rí eegun kan, a kì í sọ pé baba ńlá wa nìyí. À ń bèèrè pé ta ni ó bá tan tímọ́tímọ́ jù.

Láti mọ ìyẹn, ìjọra lásán kò tó. Ìka márùn-ún wà lọ́wọ́ wa, ó wà lọ́wọ́ ọ̀bọ, ó wà lọ́wọ́ alángbá pàápàá. Ogún tó ti pẹ́ jù ni, kò lè sọ fún wa ẹni tó súnmọ́ ẹni nínú wọn. Ohun tuntun tí àwọn kan ní, tí àwọn ìbátan wọn yòókù kò ní, ni à ń wò, bí ihò ìdí agbárí tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ àti eyín ẹ̀gbẹ́ tó kéré. Bí ẹ̀dá méjì bá pín ọ̀pọ̀ irú ohun tuntun bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ baba ńlá kan náà. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí nígbà mìíràn ohun kan náà máa ń hù lára ẹ̀ka méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń gbé oríṣiríṣi igi lé ìwọ̀n báyìí, láti mọ èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn jù. Eegun tuntun kan sì lè mú kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ tò. Ní 2013, wọ́n rí ẹ̀dá kan tí wọ́n sọ ní Homo naledi nínú ihò àpáta ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí ọpọlọ rẹ̀ tó kéré, àwọn kan rò pé yóò tó mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí èsì jáde ní 2017, kò ju ọdún 335,000 lọ. Irú tiwa ti ń jẹyọ ní Mòrókò, ní Jebel Irhoud, ní nǹkan bí ọdún 300,000 sẹ́yìn. Wọ́n jọ wà láyé nígbà kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù nìkan ló nílò àyẹ̀wò. Ní 2001, ọmọ ilẹ̀ Ṣáàdì kan, Ahounta Djimdoumalbaye, tó ń bá ẹgbẹ́ Michel Brunet ṣiṣẹ́, rí agbárí kan nínú aṣálẹ̀ Djurab. Toumaï ni wọ́n ń pè é. Ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù méje ọdún, ó sì fi 2,500 kìlómítà jìnnà sí àfonífojì Ìlà-Oòrùn tí gbogbo ayé ń wò. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán ilẹ̀: adágún odò Ṣáàdì kan Borno wa.

Ohun tí eegun kò lè sọ, DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí a jogún tó wà nínú ara wa, lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Svante Pääbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yọ DNA láti inú eegun àwọn Neanderthal, àwọn ènìyàn àtijọ́ tó gbé Yúróòpù, wọ́n sì gbé e jáde ní 2010. Ó fi hàn pé àwọn tó wá láti ìta Áfíríkà jogún nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 DNA wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn Neanderthal. Ní ọdún yẹn kan náà, egungun ìka kékeré kan láti ihò Denisova ní Sìbéríà fi ìran mìíràn hàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Pääbo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman ní Kalifóníà wo DNA àwọn ènìyàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, àwọn Esan, àwọn ará Siẹra Líónì àti Gáḿbíà. Wọ́n ní ìdá 2 sí 19 nínú 100 ohun tí a jogún lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìran àtijọ́ kan tó ti yà kúrò ní ìdí igi kí tiwa àti ti Neanderthal tó pínyà. Kò sí eegun ìran yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀jẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti rí ipasẹ̀ rẹ̀. Ní 2023, àwọn mìíràn kọ̀wé pé kò pọn dandan kó jẹ́ ìran kan tó jìnnà bẹ́ẹ̀. Pé ó lè jẹ́ àwọn ènìyàn káàkiri Áfíríkà tó ń pínyà, tó tún ń padà fẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni ohun tí a ń rí. Mo ka èkejì sí i ju èkíní lọ, ṣùgbọ́n eegun ló lè yanjú rẹ̀.

Ìyẹn gbé wa padà sí Ihò Eléérú. Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí Caleb Folorunso ti Ìbàdàn wà lára wọn, fi kọ̀ǹpútà wọn agbárí náà láti oríṣiríṣi ibi, wọ́n sì fi wé ọ̀pọ̀ agbárí mìíràn. Wọ́n tún ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ̀ wò: láàárín ọdún 11,700 sí 16,300. Ìrísí rẹ̀ sì jọ ti àwọn tó gbé ayé ní ohun tó ju ọdún 100,000 lọ sẹ́yìn. Ẹni yìí gbé lábẹ́ àpáta wa lánàá òde yìí, bí a bá fi ojú ìtàn ìran ènìyàn wò ó, orí rẹ̀ sì jẹ́ ti ayé àtijọ́. Ẹnì kan ni. Agbárí kan kò lè gbé gbogbo ìtàn ìhà yìí, mo sì gbàgbọ́ pé àwọn míràn wà lábẹ́ àpáta Èkìtì àti Oǹdó tí a kò tíì wa. Ìrètí DNA náà wà. Ní 2020, wọ́n gbé èsì DNA àwọn ọmọdé mẹ́rin jáde láti Shum Laka ní Kamẹrúùnù, nítòsí ibodè wa, méjì nínú wọn láti nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn. Eegun inú etí, tó le gan-an, ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nígbà tí mo parí, àwọn ìbéèrè wá. Alàgbà kan bi mí pé ṣé ọ̀bọ ni mo ń sọ pé ó bí wa. Mo ní rárá, bàbá. Àwọn ìnàkí tó wà nínú igbó lónìí jẹ́ ìbátan wa, kì í ṣe òbí wa. Àwa àti àwọn tó súnmọ́ wa jù nínú wọn ní baba ńlá kan náà tó ti kú ní ohun tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà tàbí méje ọdún sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni mí, mo sì sọ fún wọn pé wíwo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá fínnífínní kò tíì dín ìgbàgbọ́ mi kù.

Ọmọbìnrin kan bèèrè bóyá ó dìgbà téèyàn bá jáde yunifásítì. Mo sọ ìtàn Kamoya Kimeu ti Kẹ́ńyà fún un, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó rí fọ́sìlì ènìyàn jù lọ láyé. Ní 1984, ó rí àfọ́kù agbárí kékeré kan láàárín òkúta létí adágún Turkana. Wọ́n wa ibẹ̀, eegun ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé jáde, tó ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 1.5.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbẹ́ kànga ló bèèrè ìkẹyìn: bí àwọn bá kan eegun, kí ni kí àwọn ṣe? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró. Bí ó bá jọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọlọ́pàá ni kí wọ́n pè. Bí ó bá jọ ohun àtijọ́, kí wọ́n má fà á yọ, kí wọ́n má fi omi fọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi fóònù ya á níbi tó wà, kí wọ́n gbé rúlà tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè hàn. Kí wọ́n sọ fún àwọn ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, tàbí ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa wíwa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí wọ́n sì wọn bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, kí wọ́n kọ àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí eegun tí a kò mọ ipele ilẹ̀ tó ti jáde, ó ṣòro púpọ̀ láti fi ọjọ́ orí rẹ̀ múlẹ̀ mọ́.